Ọ̀pá Ìdádúró

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹta

Mo ra ìwé yìí lọ́dọ̀ àwọn Ṣáínà tó wà lẹ́bàá afárá. Kì í ṣe nítorí àṣírí kankan. Mo ń wá ibi tí mo lè máa kọ ọjọ́ sí ni. Ìjọba ti ṣí owó ìrànwọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Wọ́n kà á lórí rédíò láàárọ̀, kété tí wọ́n kéde òkú tán.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ìparí oṣù kẹrin ni ìdáhùn. Owó náà gbọ́dọ̀ ti di níná, rìsíìtì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn, kí oṣù keje tó parí, torí ìgbà náà ni ọdún ìnáwó ìjọba ń pa dé. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ rà máa lo ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó ti òkè òkun dé Fiji. Mo fi bírò pupa ṣírò rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà ilé ìdáná. Ó wọ̀ ọ́ — ṣínṣín, bíi bàtà tuntun.

Dewan ọkọ mi wò ó. Ó ní bí ìjọba bá wá pẹ́ ńkọ́? Mo ní wọn ò ní pẹ́, wọ́n kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó mu tíì rẹ̀.

Òfin kan wà nísàlẹ̀ ìwé, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí: ohun yòówù tí a bá rà, iṣẹ́ yòówù tí a bá ṣe lórí ẹ̀rọ kí ìwé àṣẹ tó dé, a ò ní rí sẹ́ǹtì kan gbà lórí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹta

Rafiq mẹkáníìkì wá wo Arúgbó. Arúgbó ni ẹ̀rọ ìlọṣọ wa. Irin roboto méjì, wọ́n gbóná janjan, wọ́n ń yí lu ara wọn. A máa ń ti aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura bọ ẹnu rẹ̀, á sì bá ẹ̀yìn jáde ní títẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀pá ìdádúró kan dábùú ẹnu náà. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan ọ̀pá yẹn, irin á dúró. Ó yẹ kó dúró. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò dúró mọ́.

Vilimaina ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Vili ti ń bá mi ṣe alágbàfọ̀, láti ìgbà tí gbogbo ohun tí mo ní kò ju bàsíà méjì àti okùn ìsáṣọ lọ. Òun ló máa ń jókòó ti Arúgbó. Ó ní ẹ̀rọ náà ń wo òun bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó ọmọ tí kò fẹ́.

Rafiq ní wáyà inú ọ̀pá ló kú. Ó ní òun ní òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú ni, owó rẹ̀ kò sì tó owó àpò fúláwà méjì. Mo ní kó dúró ná, kí n béèrè.

Mo pe ọ́fíìsì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Losalini ló ń mójú tó ìwé àwa ará ìlú Sigatoka. Ohùn rẹ̀ dùn, kì í kánjú. Mo ní bí mo bá tún ọ̀pá yìí ṣe ńkọ́? Ó ní, "Mà-á, mi ò lè ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, mi ò sì lè ní kẹ́ ẹ má tún un ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ bá a bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀rọ tó bà jẹ́ ló ń gba ẹ̀rọ tuntun. Ẹ máa retí wa."

Mo sọ fún Rafiq pé kó máa lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹta

Wákàtí mẹ́ta lórí ìlà. Wọ́n ní ìwé iye owó ẹ̀rọ tí mo mú wá, tí mo ti gbà láti oṣù kejì, ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sì gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n lọ. Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ, wọ́n fi ìwé kan náà ránṣẹ́, iye kan náà, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mo padà wá, ìlà tún ti gùn.

Ọkùnrin tó gba ìwé wa ń jẹ ẹ̀pà dídín lórí àwọn fáìlì. Òróró ìka rẹ̀ wà lára orúkọ mi: Sumintra, ó ń dán yinrin. Ó nu ọwọ́ sí ìwé ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Gbogbo wa ń wò ó. Bí wọ́n ṣe ń sọ àgbàlagbà di ajá ìdí tábìlì nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Àwọn ilé ìtura kún. Aṣọ ibùsùn ga dé àjà. Vili àti àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tó ń fọṣọ ṣiṣẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ra ẹja fún wọn, Vili sì mú ẹ̀gẹ́ sísè wá láti abúlé.

Ó tún béèrè nípa ọ̀pá. Mo ní ìdáhùn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká dúró. Ó ní, "Kò burú, Ìyá Roshika. Mo ti mọ bí mo ṣe ń yẹra fún un."

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹrin

Kò sí ìdáhùn.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Karùn-ún

Mo pe Losalini. Láti òní lọ, Ìyá Retí lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Ó ní wọn ò tíì lè dáhùn torí wọn ò tíì yẹ ẹ̀rọ wò. Mo ní ta ló ní kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ní ọkọ̀ ọ́fíìsì ló bà jẹ́, wọ́n sì ń retí owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe.

Ìjọba náà ń retí ìjọba. Ó ní kí n fi ọjọ́rú tó ń bọ̀ sọ́kàn.

Mo pa ọjọ́ rẹ́ lórí kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ò wọ̀ ọ́ mọ́, àyàfi bí mo bá bẹ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kí wọ́n yára. Mo kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Mo ti ń bẹ gbogbo ayé.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Karùn-ún

Jẹ́ kí n kọ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ yìí sílẹ̀, kó má baà dà bíi pé ẹlòmíì ló ṣe é.

A gbá ilé, a fọ ilẹ̀. Vili ti nu Arúgbó mọ́ tónítóní lálẹ́ àná, torí kì í fẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí. Nígbà tó jáde lọ sá táwẹ́lì, mo mú gíríìsì, mo fi pa ara ẹ̀rọ náà. Mo fi àkísà dúdú nù ún, kó lè rí bí ohun tó ń kú lọ. Mo tún okùn tí a fi so ọ̀pá náà tú, kó lè rọ̀ wọ̀lọ̀ lójú wọn.

Vili wọlé, ó rí i. Ó kàn wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó lọ fọwọ́.

Wọn ò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dá. Ìpàdé gbé wọn lọ sí Suva, olú ìlú. Ẹnikẹ́ni ò pè wá, èmi ni mo pè. "Ẹ máa retí wa, mà-á." Mo fẹ́ tutọ́ sínú fóònù.

Dewan ní ká pe Rafiq, ká tún ọ̀pá yìí ṣe, ká gbàgbé owó ìjọba. Mo ní lẹ́yìn oṣù méjì àtààbọ̀? Mo ní ìyà tí a ti jẹ ńkọ́? Ó ní ìyà tí a ti jẹ kì í ṣe owó ìpamọ́, kò sẹ́ni tó máa san èlé lé e. Mo bínú. Mo bu dálì, ọbẹ̀ ẹ̀wà wa, sí abọ́ rẹ̀ láìsí iyọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Karùn-ún

Ọwọ́ Vili.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Karùn-ún

Mo lè kọ ọ́ báyìí.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀. Etí aṣọ ibùsùn kan ló ká wọlé, Vili fẹ́ fà á tẹ́. Ìka rẹ̀ bá aṣọ lọ. Ó fi apá lu ọ̀pá náà — mo rí i, mo wà nídìí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ — ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Irin ń yí. Kò ké bí mo ṣe rò pé ènìyàn máa ń ké. Orúkọ mi ló ń pè. Mo sáré lọ fa wáyà iná yọ lára ògiri.

Dewan fi ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Lautoka. Wọ́n gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò kù, àti ìka tó kéré jù. Àwọn dókítà ṣe é dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn.

Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú ilé ìfọṣọ. Ọṣẹ, omi gbígbóná, àti ìyẹn. Mo fọ aṣọ ibùsùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó rántí pé kò sídìí tí mo fi ń fọ̀ ọ́. Mo sun ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Karùn-ún

Rafiq wá tún ọ̀pá ṣe. Mo dúró tì í, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ló lò. Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Kò kí mi pé ẹ káàárọ̀, kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n wá. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, Ìyá Retí wà nínú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa rí ojú rẹ̀. Obìnrin tó tún ara ṣe ni, òdòdó wà létí rẹ̀, ó jọ ẹni tí mo lè bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì kí n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì fọwọ́ kan ọ̀pá, irin dúró. Ó ní, "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo wá sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo nawọ́ sí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó dùn wọ́n, mo rí i pé ó dùn wọ́n. Wọ́n ya fọ́tò.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Ìyá Retí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mà-á, ẹ bá wa gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ fi kún fáìlì yín. Máàkì wà fún ewu. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, máàkì yín ò lè tó. Èyí á gbé e kọjá."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára. Ó rò pé òun ń ṣe mí lóore ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Karùn-ún

Mo gba ìwé dókítà. Mo ní fún owó gbà-máà-bínú Vili ni, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì.

Mo fi èkejì ránṣẹ́ sí Ìyá Retí.

Bí ẹnì kan bá rí ìwé yìí lẹ́yìn ikú mi, kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹfà

Vili ti padà sí abúlé. Dewan lọ kí i. Èmi ní iṣẹ́ pọ̀.

Ó ní ara rẹ̀ ń mókun. Ó ní Ilaitia ọkọ Vili ò fi bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ lábúlé ni pé ó tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, pé ó ti jókòó mu yaqona, omi gbòǹgbò tó máa ń mú oorun wá, ju bó ṣe yẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pé ohun tí ojú rẹ̀ ń wá ló rí. Mo bi Dewan, kí ni Vili wá sọ sí i? Ó ní kò sọ nǹkan kan.

Fọ́ọ̀mù àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lórí tábìlì. Ìbéèrè kẹsàn-án: ìgbà wo ni agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ní àbùkù? Mo dáhùn gbogbo ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹfà

Ìwé àṣẹ dé. Wọ́n fún wa. Gbogbo ohun tí a tọrọ, láìdín kan. Wọ́n kọ máàkì wa síbẹ̀, wọ́n sì pín in sí wẹ́wẹ́, kálukú mọ ibi tó ti rí tiẹ̀. Lábẹ́ ewu: ogún nínú ogún.

Ogún nínú ogún. Mo yí ìwé náà dojú dé.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Suva, á bọ̀ wá lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ya fọ́tò. Kí a wọ aṣọ tó bójú mu. Gbèdéke rìsíìtì ṣì ni ìparí oṣù keje — wọ́n yẹ ọjọ́ tiwọn, wọn ò yẹ tiwa. Mo kà á: ọ̀sẹ̀ méje àti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Mo pe Ìyá Retí. Ó kọ́kọ́ kí mi kú oríire. Ó ní kí n kọ̀wé béèrè fún àfikún ọjọ́. Mo ní ìdáhùn á dé nígbà wo? Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Mo ní, "Losalini, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á kọjá gbèdéke."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà-á. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ fún mi. Èmi kọ́ ni mo dá ọjọ́ náà." Ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́. Ó jọ ohùn ẹni tó ti ń gba ìpè yìí láti àárọ̀, tí kò sì tíì jẹun. Mo pa fóònù. Kódà ìbínú tí mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí i bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹfà

Èmi àti Dewan jà lórí fọ́ọ̀mù. Mo ti kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹsàn-án: ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Mo kọ ọ́ pé mẹkáníìkì fẹ́ tún un ṣe, pé èmi ni mo ní kó máa lọ, mo sì kọ ìdí rẹ̀.

Ó ní mo fẹ́ sọ wá di alágbe. Ó ní kí n kọ oṣù karùn-ún, ta ló máa mọ̀? Mo ní Rafiq mọ̀. Ó ní Rafiq ò ní sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ló ní ká tún un ṣe. Ẹ rántí. Èmi ni mo ní rárá."

Ó jókòó. Ó ní òun ò sọ ọ́ le tó. Ó ní òun mọ ilé Rafiq, òun ní mọ́tò, òun ì bá ti lọ gbé e wá láìbi mí. Ó ní òun náà fẹ́ ẹ̀rọ tuntun yẹn.

Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀ bí ẹran òkú. Nígbà tó yá, ó mú fọ́ọ̀mù náà, ó fi orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ní gbọ̀ngàn. Mo ń gbọ́ gbohùngbohùn láti ibi tí mo ti ń sáṣọ. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé tí mo fi sọ pé mi ò gba owó wọn mọ́ ti wà ní póòsì láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹfà

A lọ sí abúlé, èmi àti Dewan. A ra gbòǹgbò yaqona tó tóbi lọ́jà, torí a kì í lọ bẹ ará ibí lọ́wọ́ òfo. Mo wọ aṣọ tó bo ẹsẹ̀.

Vili wà níta, ó jókòó sábẹ́ igi eléso ńlá kan, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀. Ó sún fún mi lórí ẹní. Mo ní kí Dewan máa wọlé lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó, gbogbo rẹ̀ dà nù. Mo kàn sọ ọ́ bó ṣe rí: Rafiq wá lóṣù kẹta, ó fẹ́ tún un ṣe, èmi ni mo lé e lọ, nítorí owó ìjọba.

Ó ń wo odò. Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá Roshika. Bó ṣe ń jáde lọ́jọ́ yẹn ló sọ fún mi. Ó ní kí n má jókòó tì í mọ́."

Mo ṣáà bi í pé kí ló dé tí kò fi dìde kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ní ká dúró. Mo rò pé ẹ ti ro tèmi mọ́ ọn."

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó ní òun ti jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé òun tòògbé. Ó ní bí òun bá sọ òótọ́, owó ìjọba lè bọ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo wa la ó sì pàdánù iṣẹ́. Ó ní wọ́n sọ ọ́ títí tó fi ń ṣe òun bíi pé bóyá òótọ́ ni, bóyá oorun gbé òun lọ lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún Ilaitia. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo wọlé. Ilaitia jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Dewan gbé gbòǹgbò náà sílẹ̀ lórí ẹní, ó sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èmi sọ ìyókù. Mo sọ ti gíríìsì. Mo sọ ti ìwé dókítà àti ogún nínú ogún. Mo sọ ọ́ pé kò tòògbé, pé mo rí i, ó lu ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilaitia ò wò mí. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi ló ń tì í lójú, ara rẹ̀ ni. Ó wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúkọ́, ó nawọ́ sí gbòǹgbò náà, ó fẹ́ gbà á kí ọ̀rọ̀ lè parí.

Vili ní, "Ẹ fi sílẹ̀."

Ó ní, "Ọwọ́ èmi ni wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Èmi ni mo máa sọ bóyá mo gbà."

Mi ò tíì gbọ́ kí obìnrin sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Vili wọlé, ó jókòó sáàárín wa, ó fi ọwọ́ òsì wọ́ gbòǹgbò yaqona náà sọ́dọ̀, ó gbé e lé itan, ó sì gbé ọwọ́ tí wọ́n wé lé e. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọbìnrin tó ń fọṣọ, ó béèrè bóyá òjò ń jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Mo dáhùn. Ó ní kí wọ́n bu tíì fún wa. A mu ún.

Títí a fi dìde, kò sọ pé òun gbà.